Urken Tó Ń Pàrọwà fún Bàálù

Ọjọ́ tí Urken fi tíì lọ awakọ̀ bàálù lójú sánmà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀ ní Chhuserma, ìlú wa lórí òkè. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ á ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n Phuti, ìyàwó ẹ̀, wà níbẹ̀. Òun gan-an ló se tíì náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìkùukùu gun àfonífojì wá, ó sì jókòó sẹ́nu pápá bàálù bí àlejò tó ti gbàgbé ilé. Pápá náà kúrú, ó sì dagun. Orí ẹ̀ kọjú sí àpáta, ìdí ẹ̀ já sínú ọ̀gbun. Awakọ̀ tí kò bá rí ilẹ̀ kedere kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá, nítorí kò sí àyè àtiyí ọkàn padà. Nínú ilé tíì Phuti, Yangjin, ìyàwó ọmọ aládùúgbò, ti ń rọbí láti àná, ọmọ sì kọ̀, kò yíjú. Bí bàálù kò bá gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Kathmandu, ẹ̀mí méjì ló máa lọ.

Ọ̀gá Bhupen, awakọ̀ bàálù, yípo lókè, ó ní òun ń padà.

Iṣẹ́ Urken kọ́ ni rédíò. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa yí ọwọ́ fèrè ìkìlọ̀ bí bàálù bá ń bọ̀, kó sì lé màlúù onírun, ewúrẹ́ àtàwọn tó ń sá aṣọ kúrò lójú pápá. Ṣùgbọ́n ó já ẹnu rédíò gbà lọ́wọ́ Kabita, ọmọbìnrin tó ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá Bhupen, ẹ kú ìrìn o. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá mu tíì."

"Bàbá, mi ò lè balẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ gbà, ẹ gbà. Tíì ti gbóná."

"Mo ní mi ò lè balẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀, láàárín àwa Sherpa, àlejò tó bá mọ̀wàáhù kì í gba ife lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ̀, á fọwọ́ bo ife. Onílé á pàrọwà, á tún kọ̀. Ìgbà kẹta ló máa gbà. Urken kò ka "mi ò lè balẹ̀" sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ rárá. Ó kà á sí ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí.

"Ilé ire ló ti wá," ó sọ fún Kabita. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

"Bàbá, ẹ fún mi ní rédíò mi! Ẹ máa pa ọkùnrin yẹn!"

"Ọ̀gá Bhupen," ni Urken tún wí, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, "ẹ má dójú tì mí. Ìyàwó mi ti fi bọ́tà sí i."

Inú bí Ọ̀gá Bhupen débi pé kò padà mọ́. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè ráyè bú u dáadáa. Ó bú u, ó bú ìkòkò tíì, ó bú màlúù tó fún wọn ní bọ́tà. Ibi tó ti ń wá èébú mìíràn ni ìkùukùu ti ya, gbogbo pápá sì hàn sí i kedere.

"Bàbá," ni ohùn kan wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "mo ti rí yín. Mò ń bọ̀."

Urken dá rédíò padà fún Kabita. "Ìgbà kẹta. Ṣé mo parọ́?"

Bí wọ́n ti ń gbé Yangjin wọnú bàálù, Ọ̀gá Bhupen gbé tíì oníyọ̀ náà mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò mọ̀ pé ife tó bá ṣófo lọ́dọ̀ wa, òmíràn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ife mẹ́ta ló mu kó tó rí ẹsẹ̀ gbé. Yangjin bí ọmọbìnrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tìyá tọmọ sì padà wá láyọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni Urken ti gbà pé òun mọ ojú ọjọ́. Kò mọ̀ ọ́n. Phuti ló máa ń sọ ọ́, ẹni tó bá sì bá ọkùnrin sùn lórí ibùsùn kan títí irun àwọn méjèèjì fi funfun, ó mọ ohun tí ọkọ ẹ̀ mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Ní ìdájí, Urken á jáde, á gbé imú sókè, á fọn ọ́n, á sì kéde fáwọn èrò tó ń dúró pé, "Ó ń bọ̀." Òjò ni o, ìjì ni o, ìkéde kan náà ni. Bí oòrùn bá ti gun òkè, afẹ́fẹ́ á dìde láti inú ọ̀gbun, kò tún sí bàálù mọ́ dọ̀la.

"Bàbá Doma," ni Phuti á fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "ẹ ní ó ń bọ̀ lánàá."

"Ó ń bọ̀ lóòótọ́. Kò tíì dé ni."

Àwọn èrò máa ń fẹ̀sùn kàn án pé òun ló ń dí bàálù lọ́nà kí pòtétò tí ìyàwó ẹ̀ ń sè nílé tíì lè tà. Ìyẹn ń dùn ún. Ó máa ń fi ibi tí bàálù gbọ́dọ̀ gbà yọ hàn wọ́n, á sì dúró sójú kan náà títí tí ọrùn á fi máa ro ó.

Nígbà tó yá ni àwọn ọ̀gá bàálù rán Ọ̀gbẹ́ni Niraula wá. Ó ní àwọn fẹ́ dá bàálù ìgbà òtútù dúró pátápátá, nítorí pápá erùpẹ̀ ni Chhuserma, yìnyín sì ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú. Ta ló máa gbé aláboyún rìn gba orí òkè nínú yìnyín, títí dé ibi tí mọ́tò wà?

"Ìgbà wo ni bàálù máa wá gbé yín, ọ̀gá?" ni Urken bi í.

"Ọ̀la. Bí ilẹ̀ bá le ni o."

"Ó máa le."

Yìnyín rọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ṣọ́bìrì kó o tán láàárọ̀, ẹrẹ̀ ló kù. Urken wọ bàtà ńlá, ó na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó ní kí gbogbo ìlú wá so ọwọ́ pọ̀. Ijó Sherpa, ẹsẹ̀ ni. Wọ́n tò ní ìlà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì gbì láti ìdí pápá dé orí ẹ̀, wọ́n sì tún ń sọ̀ padà.

Phuti wà lápá ọ̀tún ẹ̀. "Ẹ kọ̀, ẹ ò jó níbi ìgbéyàwó wa!"

"Ìyá Doma, kò sí bàálù tó ń bọ̀ nígbà yẹn."

Wọ́n fa Ọ̀gbẹ́ni Niraula wọnú ìlà. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n jó, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sì ti mọ ohun tí Urken ka ìyẹn sí. Ẹsẹ̀ bàtà ọkùnrin náà kan há sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ jó. Nígbà tí bàálù fi máa yọ, ilẹ̀ ti le gbagidi, ó sì balẹ̀ láìyọ̀ rárá. Ọ̀gbẹ́ni Niraula ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ó dáa. Mo máa padà wá ní òtútù tó ń bọ̀. Bí mo bá rí i pé bàálù ṣì ń balẹ̀, a ò ní dá a dúró mọ́."

Urken ka ọdún náà bí ọmọdé tó ń retí àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n bí òtútù ti wọlé, ikọ́ dá a dùbúlẹ̀, ó sì kú. Ọjọ́ tí àwọn lámà, àwọn àlùfáà wa, mú pé kí wọ́n sun òkú ẹ̀ lórí òkè, ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Niraula ń bọ̀.

Àwọn ọkùnrin gbé e gòkè. Phuti kò bá wọn lọ, bí àṣà ti wí. Ó lọ jókòó sọ́dọ̀ Kabita. Ojú ọ̀run mọ́, ṣùgbọ́n àpò aṣọ tó ń fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ han àwọn awakọ̀ ti dì gbagidi sórí òpó nínú òtútù. Ó nà gbọnrangandan sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi pé ìjì ń jà.

"Kabita," ni Ọ̀gá Bhupen pè lórí rédíò, "àpò yín ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, màá padà."

"Ọ̀gá, ó ti dì ni. Mi ò mọ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí ní ìdí pápá."

Ọ̀gá Bhupen yípo lẹ́ẹ̀kan. Phuti di etí tábìlì mú.

"Ó dáa, mo ti rí i. Èéfín kan ń gòkè tààrà lórí òkè ibẹ̀ yẹn, kò mì. Kò sí afẹ́fẹ́. Mò ń balẹ̀. Ta ló ń dáná níbẹ̀? Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Kabita yíjú sí Phuti. Phuti gba ẹnu rédíò lọ́wọ́ ẹ̀.

"Urken ni," ó wí.

Bàálù balẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Niraula ló kọ́kọ́ sọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn ò ní dá bàálù ìgbà òtútù dúró mọ́. Àwọn èèyàn hó yèè. Phuti wo èéfín náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń gbọn orí.

"Ọkùnrin yìí," ó wí. "Kò tiẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́ kí wọ́n sun ún."