Àwo Omi Inú Fíríìjì Àǹtí

Èmi ni mo kọ́ àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń fi iná dá omi dì. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ní ọkọ̀ tó dà bí ilé, tí fíríìjì inú rẹ̀ ń fi iná gáàsì ṣiṣẹ́. Kí a tó yà sí ilé epo, Àǹtí á dúró pa gáàsì náà. Wọ́n á ní, "Iná ò mọ àna." Níbi tí a bá ti fẹ́ sùn, wọ́n á gbé àwo omi sínú fíríìjì. Bí omi bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ ò tẹ́jú nìyẹn, fíríìjì ò sì ní tutù.

Nígbà Iléyá, à ń gbé ẹran lọ fún ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Scotland. Nínú pápá kan lójú ọ̀nà, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń sùn nínú ọkọ̀ bíi tiwa, Àǹtí ń wa ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, èmi ń wo àwo omi lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àna mi, omi ni mo ní kí ẹ wò, kì í ṣe àwọn èèyàn!"

Àwọn òyìnbó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi mí bóyá ìyàwó mi ni. Ojú tì mí, mo ní n ò mọ obìnrin náà rí. Àǹtí ò gbọ́.

Nígbà tí omi tẹ́jú tán, tí fíríìjì sì tutù nini, Àǹtí kọ́kọ́ bu omi fún mi. "Ẹ mu, àlejò."

Ẹ fi ti òyìnbó tí mo ní mo kọ́ sílẹ̀. Irọ́ tí mo pa fún yín gan-an ni pé Àǹtí ò gbọ́. Fèrèsé ọkọ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́.