Ẹyin Ìyá Tádé àti Ṣọ́kù Kẹ̀kẹ́ Mi

Mo kúrò nílé wa ní Ọ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé adìyẹ màmá mi ń sàba lórí àlùbọ́sà. Àrùn ti pa àwọn adìyẹ yòókù, òun nìkan ló ṣẹ́ kù. Nígbà tí ejò wá jẹ ẹyin rẹ̀ tán, kò kúrò nínú ìtẹ́. Màmá mi kó àlùbọ́sà sábẹ́ rẹ̀ kó má baà ṣíwọ́, ó sì rán mi lọ gba ẹyin lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyá Tádé, tó ń gbé ní abà kan lẹ́yìn Àgọ́ Aláyè. Bí ẹyin náà bá bàjẹ́ lọ́nà, ọ̀sìn adìyẹ parí nílé wa nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè ni mo gùn. Ó ní ṣọ́kù lẹ́yìn: sípíríǹgì irin tó wà lábẹ́ ìjókòó, tí òrùka kan dì mú. Bí a bá yí òrùka náà sápá ọ̀tún, sípíríǹgì á le. Bí a bá yí i sósì, á dẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo de ẹyin àgírìkì mọ́ káríà tó wà lẹ́yìn ìjókòó, mo sì gùn ún kọjá lórí àwọn pákó kan lẹ́yìn ilé. Nígbà tí òrùka le, ẹyin fọ́. Nígbà tí mo tú u díẹ̀, kò fọ́. A dín èyí tó fọ́, a se èyí tí kò fọ́.

Ní gáréèjì, Bàbá Ràṣídì ọlọ́kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ó wo apẹ̀rẹ̀ tí mo so mọ́ káríà, ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi gbé. Mo sọ fún un.

“Gírádúéètì, adìyẹ fúnra rẹ̀ kò lè gun nǹkan yìí, ká tó wá sọ ti ẹyin.”

Ó ní ẹyin tó bá ti gbọ̀n lọ́nà, omi ni yóò dà. Mo bi í pé mélòó ló ti gbé rí. Ó ní òun kò gbé ẹyin rí, òun kò sì ní gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ara ohun tó ṣeé ṣe.

Ọ̀nà dára dé Odígbó, àyàfi àwọn ibi tí ọkọ̀ agégẹdú ti gbẹ́. Ọ̀kan nínú wọn kọjá lára mi lófìfo. Ní gbogbo kòtò ló ń ta sókè, ṣéènì rẹ̀ ń pariwo. Mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná ní Odígbó. Nígbà tí mo kọjá Àgọ́ Aláyè, ọ̀dà tán, ó ku ilẹ̀ pupa àti gbòǹgbò igi. Ṣọ́kù náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fò díẹ̀díẹ̀.

Nílé wa, ẹ̀bà la fi ń gbàlejò. Púpúrú ni Ìyá Tádé fún mi, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti yan lórí iná kí wọ́n tó rò ó, pẹ̀lú ẹja. Ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ di ẹyin méjìlá sínú apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àpò kan jáde, odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ìwọ̀n èmi àti ẹyin nìkan ni mo yí òrùka ṣọ́kù náà sí. Ó gbọ́ mi dé òpin.

“Ṣé o ti sọ ọ́ tán?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Bẹ̀rẹ̀, kí n gbé e kọ́ ọ lẹ́yìn. Ṣé kí àbúrò mi máa rò pé ebi ń pa mí lóko ni?”

Ní kòtò àkọ́kọ́, irin kan irin. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yẹ apẹ̀rẹ̀ wò: kò sí èyí tó fọ́, ṣùgbọ́n ojú kì í rí inú ẹyin. Mo yí òrùka sápá ọ̀tún títí ọwọ́ mi kò fi lè yí i mọ́. Láti ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà rọra ń lọ ju bó ṣe lọ láàárọ̀. Ọkọ̀ agégẹdú mìíràn kọjá, igi kún inú rẹ̀. Nígbà tó dé kòtò, ó kàn tẹrí ba bí àgbàlagbà tó ń wọlé. Mo rántí èyí tó ṣófo.

Nílé, màmá mi ń yọ àlùbọ́sà, ó ń fi ẹyin rọ́pò rẹ̀. Adìyẹ ṣá a lọ́wọ́ jẹ, ṣùgbọ́n kò dìde. Àlùbọ́sà wọnú ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́sàn-án nínú ẹyin náà pa ọmọ. Màmá mi ní àdúrà òun ni. Ìyá Tádé ránṣẹ́ pé ṣebí òun ló fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Ràṣídì pé mẹ́ta péré ni kò pa.

“Mẹ́ta yẹn gan-an ni mò ń sọ.”

Èmi kò tíì mọ̀ bóyá òrùka ló ṣe é ni tàbí ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí n tó lè mọ̀, mo ní láti tún lọ, kí n jẹ púpúrú Ìyá Tádé tán, kí n sì sọ fún un pé n kò gba ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé àwọn nǹkan kan wà tí a kò ní mọ̀.