Yàrá Tí Màmá Wa Máa Ń Tì

Màmá dojú kóńgò dé lórí àtẹ onígàrí, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ kiri. Ibi tí olùtajà ti lù ú wọnú ni wọ́n ń wá. Ní ọjà Ẹ̀gùá nígbà náà, kóńgò tí ìdí rẹ̀ bá ti wọnú kì í gbà tó bó ṣe yẹ, ìgbà téèyàn bá délé ló máa tó mọ̀. Obìnrin tó ni gàrí fajú ro, ṣùgbọ́n Màmá kò wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé kóńgò mìíràn wá.

Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Èkó ni àwọn òbí wa ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti àbúrò mi obìnrin sì wà lọ́dọ̀ Màmá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè. Ìrẹsì, ṣúgà àti mílíìkì tó ń ti Kútọnù wọlé dáwọ́ dúró. Sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù kún ojú ọ̀nà. Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìkòkò ara wọn. Bí èéfín bá rú nílé ẹnì kan lọ́sàn-án, àwọn ará àdúgbò á máa bi ara wọn níbi tó ti rí ohun tó ń sè.

Èéfín kì í wọ́n nílé tiwa. Màmá kì í ṣá ìṣáná bí iná bá wà nílé ẹnikẹ́ni. Àpáàdì ni wọ́n máa fi rán mi lọ fọn iná wá. Wọ́n máa ń gé ọṣẹ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a kó le, kó má baà tètè yọ́. Eérú la fi ń fọ ìkòkò. Tá a bá ń bọ̀ láti oko, wọ́n á já ẹ̀bọ̀lọ̀ àti gbọ̀rọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ebi kò pa mí sùn rí, ṣùgbọ́n dípò kí n dúpẹ́, ara ló ń fu mí.

Yàrá kan ló fà á. Etí ìró Màmá ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà. Màmá nìkan ló ń wọ ibẹ̀, èmi á sì máa gbọ́ ohun kan tó ń dà ṣàràrà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Màmá kì í bá wa jẹun. Wọ́n á bu ọkà àti ọbẹ̀ fún wa, wọ́n á wá gbé àwo tiwọn, tó ní ìdérí, lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo sọ fún ara mi pé ìrẹsì ló wà níbẹ̀.

Àǹtí kan tó ń ránṣọ ni alámùúlégbè wa. Láti ìgbà tí aṣọ kò ti wọlé mọ́, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dún. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó fún mi ní ẹ̀pà, ó sì rọra bi mí ohun tí Màmá ń kó pa mọ́. N kò rí nǹkan kan rí. Síbẹ̀ mo ní ìrẹsì ni. Mo tiẹ̀ ní àpò méjì ni.

Ní ọjọ́ kẹta, kọ́sítọ́ọ̀mù méjì dé ní àárọ̀, ọ̀gá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ọ̀gá náà kí Màmá dáadáa, ó wá ní kí wọ́n ṣí yàrá náà. Màmá bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù méjèèjì nìkan wọlé, ṣùgbọ́n èrò ti pé, Àǹtí aránṣọ sì wà níwájú. Ìtìjú ni láti sọ, àmọ́ inú mi dùn díẹ̀. Mo rò pé àṣírí ti tú.

Ilẹ̀kùn ṣí, òórùn òrúnlá àti ata gbígbẹ jáde. Àgbàdo so rọ̀ lájà. Àpò méjì wà ní kọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ọ̀kan jáde, ó sì dà á sílẹ̀. Èèpo iṣu ni, ó ti gbẹ, ó dúdú, ó sì ká kò. Ọ̀gá rẹ̀ fi igi tú u wò, ó yẹ àpò kejì náà wò, kò rí nǹkan mìíràn.

Ó béèrè pé, “Màmá, ṣé ewúrẹ́ lẹ̀ ń fi bọ́ ni?”

A kò ní ewúrẹ́. Màmá ń wo ilẹ̀.

“Èmi ni mò ń jẹ ẹ́,” ni wọ́n wí. “Mo máa ń lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́. Ti iṣu gidi ni tàwọn ọmọ.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó èèpo náà padà sínú àpò. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Àǹtí ti lọ.

Lẹ́yìn tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lọ tán, Màmá kò wádìí lọ títí. Wọ́n ní, “Ìwọ lo sọ fún wọn.” Mo kúnlẹ̀, mo ní Àǹtí aránṣọ ni mo sọ fún. Mo ń retí ẹgba.

“O rò pé mò ń fi oúnjẹ gidi pamọ́ fún yín?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi lé sí ojú wọn. N kò rí irú rẹ̀ rí.

“Tó o bá fura sí mi, èmi ni kó o bi. Má lọ sọ fún ará ìta.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tọ́ ọkà wọn wò. Ó korò, ó sì rí ṣákiṣàki lẹ́nu. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń po èlùbọ́ méjèèjì pọ̀, tá a sì jọ ń jẹ nínú àwo kan, títí iṣu tuntun fi jáde.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, Àǹtí aránṣọ gbé èèpo iṣu wá nínú abọ́ kan tó fi aṣọ bò. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Màmá kọ́ ọ pé kó máa fọ iṣu kó tó bẹ ẹ́, kó rẹ èèpo náà sínú omi gbígbóná, kó wá sá a kó gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n inú oòrùn níta ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kò tún wọ ilé wa mọ́.

Ìlaròó ni mò ń gbé báyìí. Mo ṣì máa ń fọ iṣu kí n tó bẹ ẹ́, àwọn ọmọ mi sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó wúwo jù tí mo gbé kúrò lọ́dọ̀ Màmá ni pé ẹnu ara mi gan-an ni mo máa ń fura sí. Tẹ́nì kan bá ń sọ fún mi pé lágbájá ń fi nǹkan pamọ́, mo máa ń bi í bóyá ó fojú rí i.

Gbogbo ọdún ni ìyá mi máa ń wá láti Èkó, á sì béèrè bí ìwà mi ṣe rí. Màmá á ní ọmọ dáadáa ni mí. Títí Màmá fi kú, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn fún ìyá mi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n tọ́jú fún wa nínú ilé yẹn, mo gbà pé àṣírí mi yẹn ló nira fún wọn jù láti tọ́jú.