Àwọn Ṣọ́jà Inú Ẹ̀jẹ̀ Gbéminíyì

Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Gbéminíyì ní Uselu, ní ìlú Benin, ni mo ti ń ta bátìrì mọ́tò, mo sì lè búra pé kì í gba ìwọ̀sí. Nígbà tó dé láti Ọ̀wọ̀ ní 1996, tó ní iṣẹ́ ríwáyà, àtúnṣe iná mọ́tò, lòun obìnrin fẹ́ ṣe, àwọn mẹkáníìkì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pé ọdún méjì tí àwọn kan náà ń gbé mọ́tò tí iná rẹ̀ dàrú wá bá a.

Ní 2011, ojú ọ̀tún rẹ̀ ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dókítà ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, ó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní ẹ́mẹ́ẹ̀sì (MS) ni: àwọn ṣọ́jà inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé àìsàn, ti ṣìnà wọ ọpọlọ, wọ́n ń bó ohun tó bo iṣan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Gbéminíyì ní kò ṣàjèjì sóun. Wáyà tí rọ́bà rẹ̀ bá bó, iná rẹ̀ kì í dé ibi tó ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akínyẹlé, wá láti Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ìgò àgbo mẹ́fà àti àgádágodo tuntun. Ó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù pa, kó mú un lọ sílé. Ó bu àgbo sí ife.

"Mu ún. Ó máa fún àwọn ṣọ́jà ara ẹ lágbára."

"Bùọ̀dá mi, àwọn ṣọ́jà yẹn gan-an ló ń lù mí. Ṣé ẹ tún fẹ́ ra ìbọn fún wọn ni? Oògùn dókítà ló ń mú kí wọ́n rọra."

"Ẹsẹ̀ ẹ ti ń kú, Gbémi."

"Ẹsẹ̀ kọ́ ni mo fi ń so wáyà."

Inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò mí láwòmọ́jú, n ò tiẹ̀ kà á sí.

Ibẹ̀ la wà tí dírẹ́bà kan fi dé. "Madam, my headlight no dey work."

"Bring am come."

Gbéminíyì jókòó sórí àpótí níwájú mọ́tò náà, ó ń fọwọ́ tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi kan ibi tí eku ti jẹ rọ́bà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni téèpù tó fẹ́ fi wé e já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi.

"Bùọ̀dá mi," ó ní, "ojú kan ló kù fún mi. Ẹ gbé àgádágodo yẹn kalẹ̀, kí ẹ wá bá mi tan tọ́ọ̀ṣì síbí."

Ó pẹ́ kí Akínyẹlé tó gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó tan tọ́ọ̀ṣì náà títí iná mọ́tò fi wá.

Òun nìkan ló padà sí Ọ̀wọ̀. Àgádágodo yẹn ni Gbéminíyì fi ń ti ṣọ́ọ̀bù títí dòní: ìrọ̀lẹ́ ló ń tì í, tó bá di àárọ̀, á fi ọ̀pá tilẹ̀ wá ṣí i.