Orúnkún Bàbá Tútù-là-ń-tẹ̀-ẹ́

Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn fèrèsé yẹn, kò mọ Bàbá Tútù-là-ń-tẹ̀-ẹ́. Bàbá ki ọ̀pá irin bọ àárín irin ojú fèrèsé yàrá, ó fi páìpù gígùn bọ ìdí rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ti ògiri, ó wá ń fà á. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Ó fà á títí, fèrèsé bá já kúrò lára ògiri tòun ti férémù, ó gbé bàbá lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó bá ihò gbàǹgbà lára ògiri, ó sì bá ọ̀pá irin tó ṣì nà gbọnrangandan.

"Baálé mi, kí ló wá tẹ̀ báyìí?"

Bàbá wo irin fèrèsé tó ti wọ́. "Ìyẹn ò tẹ̀ ni? Ìwọ náà máa rí oore."

Kì í jẹ́ kí iná kan irin, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Àbúrò rẹ̀, wẹ́dà, ní ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀rọ tó ń tẹ irin bí ẹni ká ẹní. Àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló máa ń jókòó lé tí yóò fi máa bú àga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n bá yín fi iná sí i, ká sinmi."

"Irin tí o fi iná mú, iná ló gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì í ṣe ìwọ."

"Àga yín ń mì."

"Ìdí rẹ ni kò dúró sójú kan."

Bàbá ò ní tépù. Orúnkún òsì rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Á tẹ ọ̀pá díẹ̀, á gbé e lé orúnkún, bó bá ti jókòó síbẹ̀, ó parí. Ìgbà tí làkúrègbé mú orúnkún náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹsẹ̀ àga rẹ̀ pẹ̀lú ń wú. Oníbàárà kan wá ráhùn pé ẹsẹ̀ tábìlì òun kan tóbi ní ìtẹ̀ ju ìyókù lọ. Bàbá ní, "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe ìyẹn."

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló jogún orúnkún náà. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní Ẹsẹ̀-Tábìlì, ó sì sunkún délé.

"Sọ fún wọn pé tábìlì kì í ṣubú," ni bàbá wí.

Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé tábìlì bàbá ń ṣubú. Ọmọ náà dákẹ́ ẹkún ṣá.

Nígbà tí ọmọ náà di abiyamọ, bàbá bẹ̀rẹ̀ àga kan tí á máa jókòó lé fún ọmọ lọ́mú. Ó ti ṣe ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ikú ò dúró de ìkẹrin.

Wọn ò tíì gbá àgbàlá tán lẹ́yìn ìsìnkú tí wẹ́dà fi gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé. Ó ní òun fẹ́ kó irin lọ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. "Pàǹtí ni gbogbo rẹ̀." Ẹni tó jókòó lórí àga bàbá níbi ìsìnkú, tó jẹun lórí tábìlì rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà ló fi pè é ní pàǹtí. Ojú ò tì í. Àwọn èèyàn jókòó yí i ká, kò sẹ́ni tó bá a wí, àga bàbá sì ni gbogbo wọn jókòó lé.

Ọmọbìnrin bàbá gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. "Bàbá kékeré, ẹ fi èyí sílẹ̀."

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní."

"Mo mọ̀."

"Orúnkún ta lo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Orúnkún ti wọlẹ̀ lọ."

Ọmọbìnrin náà mú ọ̀pá tó kù, ó kì í bọ àárín òpó irin méjì tí bàbá rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé lẹ́yìn tí fèrèsé já, ó fi páìpù bọ̀ ọ́, ó fà. Ó gbé e lé orúnkún òsì tirẹ̀. Kò tíì bá a mu. Ó tún fà. Wẹ́dà ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó, nígbà tó yá ó wá bá a di páìpù náà mú. Kò sọ̀rọ̀ iná.

Nígbà tí ọ̀pá náà wá jókòó sórí orúnkún ọmọbìnrin náà, wẹ́dà gbà á, ó gbé e ti mẹ́ta tó wà nílẹ̀. Ìtẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu.

Wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè é mọ́ pákó ìjókòó àga náà. Ọmọbìnrin bàbá gba ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó gbé ọmú sí i lẹ́nu. Àga náà lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn.

"Ó ń mì," ni wẹ́dà wí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú rẹ̀. "Jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ẹ jẹ́ ó máa mì, Bàbá kékeré. Ọmọ ti sùn."