Dísìkì Fóòmù Tó Ń Fi Kún Ohùn

Ọmọbìnrin kan tí mò ń bójú tó pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní òun sọ ohùn sára dísìkì fóòmù tó ń yí, ohùn náà sì jáde pẹ̀lú agbára tó ju èyí tó gbé wọlé lọ. Ara mi ò gbà á. Ṣebí gbígbé ohùn mì ni iṣẹ́ fóòmù. Èwo ni ti ẹni tó ń jẹun tó tún ń bu oúnjẹ kún àwo?

Lóòótọ́, èmi náà ń kọ́ wọn pé bí nǹkan bá ń yí yára ju ìgbì tó kọlù ú lọ, ìgbì náà lè yọ díẹ̀ nínú agbára yíyí yẹn, kó sì jèrè. Ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí kí akẹ́kọ̀ọ́ ní òun rí i ní pálọ̀ ìyá òun l'Okokomaiko. Iṣẹ́ oníṣẹ́ tí wọ́n ti gbé wá fún mi rí ti pọ̀ jù. Mo sọ fún un pé bí mi ò bá fojú ara mi rí i, á fi ọdún kan kún ọdún tó máa lò ní yunifásítì.

Mo lọ. Ó to sípíkà kéékèèké yípo, wọ́n ń dún tẹ̀ lé ara wọn kí ohùn náà lè máa yí bó ṣe ń lọ. Dísìkì tó gé lára mátírẹ́ẹ̀sì wà níwájú wọn, máíkì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo wo abẹ́ tábìlì bóyá ó fi nǹkan kan pamọ́ síbẹ̀. Mo tọ wáyà dé ìdí. Kò síná, ó tan jẹnẹrétọ̀. Dísìkì sáré, àmì tó ń fi agbára ohùn hàn lójú kọ̀ǹpútà sì gòkè.

"Pa sípíkà," mo ní.

Ó pa á. Àmì náà ò wálẹ̀.

"Ṣó o rí i? Jẹnẹrétọ̀ lo ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí!"

Iná ìjọba ò lágbára tó láti mú dísìkì rẹ̀ sáré. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń mú un sáré, kíkùn rẹ̀ ló sì ń gbé àmì sókè. Etí rẹ̀ ò sì sọ fún un, torí ta ló ṣì ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò wa?

Omi lé sí i lójú, ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí. "Sà, ẹ jẹ́ kó di Sátidé."

Ní Sátidé, iná wà, gbogbo ilé dákẹ́. Ó ti yá ínfátà àti bátìrì tí kì í pariwo, tó lè mú dísìkì sáré, lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń tà wọ́n l'Álàbà. Mo tún wo abẹ́ tábìlì. Ó tan sípíkà, ó mú dísìkì yí díẹ̀díẹ̀. Àmì wálẹ̀, ó wálẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Mo ti ń múra àtisọ pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ló bá fi kún eré dísìkì. Àmì padà gòkè, ó kọjá ibi tó wà nígbà tí dísìkì dúró jẹ́ẹ́. Mo ní kó pa sípíkà. Àmì já bọ́.

"Òótọ́ ni!" Mo pariwo. "O ti rí i ṣe!"

Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó lọ síbi tẹlifíṣọ̀n, ó mú fóònù rẹ̀ tó fi ti agolo mílíìkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Àtìgbà tí mo ti wọlé ló ti ń gba ohùn àti àwòrán mi sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Mo rò ó pé tẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì, ẹ lè ní ẹ ò rí nǹkan kan."

Ó dùn mí wọ eegun. Abẹ́ tábìlì ni mo ń wò láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ́ èmi náà.