Edla Ní Eyín Ló Ń Dun Tyra

Inú ṣì ń bí mi sí Edla, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Aládùúgbò mi ni ní erékùṣù wa ní Åland, ní orílẹ̀-èdè Finland, obìnrin tó ń dá àwọ̀n ẹja fà, tó sì ń fi ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló sin. Ẹ̀jẹ̀ ló pa gbogbo wọn: ti àkọ́kọ́ jáde nímú, èkejì gé ahọ́n jẹ, ẹ̀kẹta ṣubú lórí àpáta. Ó wá ku Tyra, ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Dókítà kan wá láti Helsinki nígbà ooru. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí kì í dá yìí báyìí. Àwa ò fún un lórúkọ rí. Ojú mi ló ṣe sọ fún Edla pé, “Ìyá, ọjọ́ tí nǹkan oṣù ọmọ yìí bá kọ́kọ́ dé, ẹ má fi falẹ̀ o. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Mariehamn kíá.” Ìtìjú mú Edla, ó kọjú sí ògiri.

Oṣù kọkànlá ni nǹkan náà dé. Òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di yìnyín: kò tíì ṣeé rìn lórí, kò sì gba ọkọ̀ mọ́. Àfi tí ọ̀ràn ikú bá dé ni àwọn ọkùnrin wa máa ń wọ́ ọkọ̀ gba orí rẹ̀.

Edla wọlé wa. Valfrid ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ ń tún àwọ̀n ṣe.

“Ẹ bá mi gbé Tyra lọ sí Mariehamn.”

“Kí ló ṣe é?”

Edla wò mí. Ó ní, “Eyín ló ń dùn ún.”

Valfrid bú sẹ́rìn-ín. “Eyín! Edla, ṣé torí eyín ni kí ọkùnrin mẹ́rin tó máa wọ́ ọkọ̀ ṣe kú sómi? Fi ọtí sí i lẹ́nu. Tí yìnyín bá le lọ́jọ́ Àìkú, ẹṣin á gbé e.”

Mo mọ̀ pé kì í ṣe eyín. Ṣùgbọ́n lójú ọkùnrin méjì, obìnrin wo nínú wa ló máa la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo dákẹ́.

Mo lọ wo Tyra lọ́jọ́ kẹta. Ètè rẹ̀ ti funfun. “Àǹtí Hulda, ṣé yìnyín ti le?”

“Ó ti ń le, ọmọ mi.”

Irọ́ ni mo pa. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kú.

Valfrid ló gbé ibùsùn rẹ̀ jáde kí wọ́n lè sun ún. Nígbà tó padà wọlé, ó ti rí ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ó jókòó, kò bọ́ bàtà.

“Hulda, ṣé eyín nìyẹn?”

Mo sọ ojú mi sílẹ̀.

“Ìwọ náà mọ̀?”

Mo bú sẹ́kún.

“Hà, Hulda. À bá ti lọ. Bó bá ṣe pé orí orúnkún la máa wà wọ́ ọkọ̀, à bá ti lọ.”